Òwú Aró àti Òwú Funfun: Bí Oorun Ṣe Padà Sílé Mi

Ọlọ́hun tóbi! Ẹ̀yin ará mi ní àsàlátù, ẹ bá mi wí i kí ògiri mọ́sáláṣí yìí gbọ́: Ọlọ́hun tóbi! Ọba tí oorun kì í kùn, tí òògbé kì í gbé, Òun ni ó fún èmi ẹrú Rẹ̀ ní oorun sùn. Alhamdulillahi! Ọpẹ́ yìí ti pẹ́ lọ́rùn mi. Ó yẹ kí n ti san án kí irun mi tó funfun tó báyìí. Ẹ̀yin ẹ dárí jì mí, kí Ọlọ́hun náà dárí jì mí.

Ẹ jẹ́ kí n kà á láti inú ìwé. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, ohun tí mo bá kọ sílẹ̀ nìkan ni mo lè sọ láìjẹ́ kí ohùn mi já. Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ sì ni. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ má bínú. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ wà níwájú, tí ẹ ti ń wo ilẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ mọ̀ mí. Baba Tíṣà ni gbogbo Ìsẹ́yìn ń pè mí, torí pé èmi ni ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ mọ Ràbíátù ìyàwó mi pẹ̀lú, Ìyá Sàlìmọ́tù, tí ó ń rẹ òwú láró, tí ó sì ń ká a fún àwọn ahunṣọ. Èékánná rẹ̀ máa ń dúdú bí ojú ọ̀run nígbà tí òjò bá ń bọ̀ láti apá Òkèhò. Kò lọ sílé ìwé rí. Bí mo bá ti ilé ìwé dé tí mo ń ráhùn nípa àwọn ọmọ ilé ìwé, a máa rẹ́rìn-ín, a ní, “Ẹ̀yin ń kọ́ ọmọ, èmi ń kọ́ òwú. Tèmi kì í sá kúrò ní kíláàsì.”

Ọdún kejì tí mo fẹ̀yìn tì ni wàhálà náà dé. Ó bẹ̀rẹ̀ bí eré. Mo ń dìde lẹ́ẹ̀kan lóru láti tọ̀. Ó di ẹ̀ẹ̀mejì. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Nígbà tó yá, ó di ìgbà méje. Bí mo bá sì dìde náà, ìtọ̀ kì í yá. N óò dúró bí ẹni tó ń retí àlejò, yóò kán tó, yóò dákẹ́, yóò tún kán tó. Bí mo bá padà sórí ẹní, kí ara mi tó móoru, ó tún ti dé.

Ẹ gbọ́ bí ayé ṣe rí fún mi nígbà yẹn. N kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ojú oorun àti ojú àìsùn mọ́. N óò dúró lẹ́yìnkùlé nínú ọyẹ́, òṣùpá yóò ràn sórí òwú tí ìyàwó mi sá sórí igi, òwú náà yóò máa mì díẹ̀díẹ̀ bí odò tí wọ́n fi kọ́. Nígbà míì n óò rò pé mo wà níwájú kíláàsì, mò ń pe orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n ti di bàbá ọlọ́mọ, kò sì sí ẹni tó ń dáhùn. Ọyẹ́ yóò fẹ́ sí mi lẹ́sẹ̀, n óò rántí pé ìtọ̀ ni mo wá tọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìrun. Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo máa ń ṣíwájú yín kírun bí Lèmọ́mù kò bá sí nílé. N óò ṣe àlùwàlá, n óò wọlé, n óò dúró. Bí mo bá ti tẹ̀ báyìí, nǹkan yóò kán. Àlùwàlá ti bàjẹ́ nìyẹn. N óò tún jáde lọ gbé kẹ́tù. Baba Ládánì, ọ̀rẹ́ mi, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó yẹn tó ń wò mí báyìí, ló kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Baba Tíṣà, ṣé ẹ ti fẹ́ ìyàwó sídìí kẹ́tù ni? Bí ẹ ṣe ń lọ síbẹ̀ lemọ́lemọ́ yìí, ó yẹ kí ẹ gbé ẹní lọ.” Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo délé, mo jókòó sí yàrá, n kò jẹun.

Mo lọ bá Lèmọ́mù ní ìkọ̀kọ̀. Ó dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́. Ó ní, “Àìsàn ni, ẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Ẹ máa ṣe àlùwàlá tuntun fún ìrun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kírun yín. Ọlọ́hun kì í di ẹrù tó ju agbára ẹni lọ. Ṣùgbọ́n ní ti kí ẹ máa ṣíwájú, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa ṣe é ná.” Òótọ́ ni ó sọ. Òótọ́ náà sì gún mi.

Mo wá ń ṣe ọgbọ́n tí kò gbọ́n. Mo dẹ́kun omi mímu. Ètè mi bó, orí ń fọ́ mi, mo sì ń dìde síbẹ̀. Wọ́n fún mi ní àgbo, mo mu ún. Àgbo náà fi kún ìtọ̀ ni, kò la ọ̀nà fún un.

Ràbíátù ni ó fòpin sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti dì gèlè kí n tó jí. Ó ní, “Baba Sàlìmọ́, ẹ wọṣọ. Ṣakí là ń lọ.”

Mo ní, “Kí ni a fẹ́ lọ ṣe ní Ṣakí?”

Ó ní, “Ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá sọ pé ẹ kò lọ, èmi nìkan máa lọ, n óò sì ṣàlàyé fún dókítà bí mo ṣe rí i.”

A wọ ọkọ̀. Ẹ̀yin ará, ọ̀nà Ṣakí láti Ìsẹ́yìn gùn fún ẹni tí ara rẹ̀ yá. Kí a tó dé Òtù, mo ti ní kí dẹ́rẹ́bà dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn Òtù, nígbà tí mo tún ké sí i, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ṣé gbogbo igbó Òkè-Ògùn ni ẹ fẹ́ bomi rin ni? Ọyẹ́ ti jó o ná, ẹ ṣeun o.” Obìnrin kan tó gbé adìyẹ sórí itan ní, “Kí wọ́n gbé bàbá sílẹ̀ kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn wa, a jọ máa dé.” Inú ọkọ̀ ń mì fún ẹ̀rín.

Ràbíátù kò gbójú sókè. Ó ní, “Dẹ́rẹ́bà, ẹ ṣeun. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ẹ dàgbà tó ọkọ mi. Ọjọ́ tí ẹ bá dàgbà tó o, kí Ó jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà tí yóò gbé yín jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀.” Dẹ́rẹ́bà sì ń dúró fún mi láti ibẹ̀ títí dé Ṣakí.

Dókítà tí a bá níbẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ará Èkìtì. Ó yẹ̀ mí wò. Ojú tì mí, ó sì mọ̀, kò wo ojú mi títí ó fi parí. Ó wá ya àwòrán sórí ìwé fún mi. Ó ní, “Bàbá, ẹ wo àpò ìtọ̀ rèé. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yà ara kékeré kan wà tó yí ọ̀nà ìtọ̀ po. Ọkùnrin nìkan ló ní in. Bí ọkùnrin ṣe ń dàgbà ni ó máa ń wú, tó sì ń fún ọ̀nà náà pa. Kò sí ẹni tó fi ṣe yín. Ọjọ́ orí ni.”

Mo bi í pé kí ni ṣíṣe.

Ó ní, “Oògùn méjì ló wà tí mo lè rí fún yín láyé ọ̀wọ́n yìí. Kò sí èyí tó máa mú un súnkì nínú méjèèjì. Ńṣe ni wọ́n máa ń dẹ ọrùn àpò ìtọ̀ kí omi lè ráyè kọjá. Èkínní jẹ́ kápúsù, èkejì jẹ́ hóró funfun. Ara ẹnìkan máa ń gba èyí, ara ẹlòmíràn a gba tọ̀hún. A ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wo kápúsù. Bí kò bá ṣe é, a ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wo hóró. A ó wá fi wọ́n wéra. Bí méjèèjì bá kọ̀, abẹ ló kù.”

Abẹ! N kò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Mo ń rí ẹnu rẹ̀ tó ń yí. Nígbà tí etí mi tún là, ó ní kí n ra ìwé kékeré kan, pé gbogbo ìgbà tí mo bá dìde lóru, kí n fa ilà kan sí i. “Ẹ̀yin ni olùkọ́, bàbá. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún mi bí oògùn ṣe ń ṣe.”

A délé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo kápúsù. Imú mi dí bí ẹni tó ní ọ̀fìnkìn. Bí mo bá dìde lórí ẹní ìrun, òòyì yóò máa kọ́ mi. Mo fara dà á. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, mo fa ilà méje lóru kọ̀ọ̀kan, òótọ́ sì ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo jókòó ti ìwé náà láàárọ̀, mo rántí abẹ, mo fa márùn-ún. Méje ni mo dìde. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo ń fa mẹ́ta.

Ẹ̀yin ará mi, ibí yìí ni kò jẹ́ kí n lè dìde sọ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn wá. Èmi tí mo na ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé ó fi àmì síwájú orúkọ ẹni tí kò wá sílé ìwé! Èmi ni mo jókòó ti bébà, tí mo fi bírò tó mọ́, tí mo fi ilà tó gún, kọ irọ́. Mo rò pé bí ìwé bá ti dára, dókítà kò ní mú abẹ. Mo ń tan ẹni tó fẹ́ wò mí sàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, a padà sí Ṣakí. Dókítà ṣí ìwé mi, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, “Háà, bàbá! Kápúsù bá yín mu. Ẹ ó máa lò ó lọ fún oṣù mẹ́ta sí i.” Ó wá ní kí n lọ tọ̀, kí n padà wá. Mo lọ, mo padà. Ó ní kí n dùbúlẹ̀, ó tẹ ikùn mi. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, “Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀ tán ni, omi ṣì kún inú yín báyìí. Ohun tí ìwé ń sọ kọ́ ni ikùn ń sọ.”

Mo dìde jókòó, mo ń so okùn ṣòkòtò mi.

Ràbíátù tú etí ìró rẹ̀. Ó mú òwú aró kan jáde, ó gùn, ó sì kún fún kókó. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì dókítà. Ó ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, n kò mọ̀wé. Ẹ ní kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀, èmi náà wá ń so ó. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá dìde, mo so kókó kan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, mo fo àyè ìka mẹ́rin kí n tó bẹ̀rẹ̀ ti ọjọ́ kejì.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi ìka rìn lórí òwú náà. Ó ń kà á sókè. “Méje. Méje. Mẹ́fà. Méje. Mẹ́jọ.” Ó kà á títí dé ìparí. Ó wo ìwé mi, ó wo òwú. Ó wá wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, “Bàbá, ìwé àti òwú kò sọ ohun kan náà. Èwo ni kí n gbà?”

Ẹ̀yin ará, mo nawọ́ pa ìwé náà dé. Mo ní, “Ẹ gba òwú.”

Kò bú mi. Ó ní, “Bí mo bá gba ìwé, omi tó kún yìí yóò máa padà sókè, yóò ba kíndìnrín yín jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ẹ̀rù abẹ ló ń lé yín lọ bá ikú.” Ó wá yíjú sí ìyàwó mi. “Màmá, báwo lẹ ṣe mọ gbogbo ìgbà tí wọ́n ń dìde? Ṣé ẹ kì í sùn ni?”

Ràbíátù rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ta ló ń sùn nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń rìn?”

Ọlọ́hun mi! Láti ìgbà tí àìsàn náà ti dé, mo rò pé èmi nìkan ni mò ń jí. Mo máa ń rìn jẹ́jẹ́, mo máa ń fi ọwọ́ gbé ilẹ̀kùn kí ó má bàa dún, mo rò pé mò ń fún un ní oorun. Gbogbo ìgbà tí mo bá jí ni òun náà ń jí. Ìgbà méje ni òun náà, lẹ́yìn iṣẹ́ aró láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kò sì ráhùn lọ́jọ́ kan.

Nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń bọ̀, ó bi mí ní ohùn kékeré pé, “Ẹ̀rù abẹ ń bà yín ni?”

Mo ní, “Ó ń bà mí.”

Ó ní, “Ó ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n òwú tó já tí a fi pamọ́, nínú aṣọ náà ló máa ń yọjú.” A kọjá Òtù. Ó wá ní, “Ẹ jẹ́ ẹ̀jẹ́ kan fún Ọlọ́hun. Bí Ó bá dá oorun padà fún yín, ẹ ó dìde ní àsàlátù, ẹ ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti ìwé.” Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ náà. Eruku ọ̀nà ń wọlé sí wa lójú, oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn igi òrí, mo rò pé mo ń sùn.

Hóró funfun ló kàn. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi: “Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ti wà lórí ibùsùn kí ẹ tó gbé e mì, kí ẹ má sì dìde. Ó máa ń já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ènìyàn lè dákú.” Ràbíátù náà sì mú òwú tuntun, funfun báláú, tí kò rẹ láró. Ó ní oògùn funfun, òwú funfun.

Ẹ wá gbọ́ àṣìṣe kejì. Ọjọ́ tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ààwẹ̀ Ràmàdáànì wọlé. Mo ṣínu tán ní ìrọ̀lẹ́, mo wo hóró náà lọ́wọ́ mi. Ọkàn mi sọ fún mi pé, bí mo bá gbé e mì nísinsìnyí, ṣé kò ní mú mi dúró títí ìrun àṣàmù tí a ń kí lálẹ́ ààwẹ̀ yóò fi parí? Ní ààwẹ̀ èṣí, n kò kí àṣàmù kan tán láìjáde. Mo gbé e mì, mo wá sí mọ́sáláṣí yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ rántí. Mo forí kanlẹ̀, ó dára. Mo dìde, ilẹ̀ lọ. N kò gbọ́ ìró ìṣubú mi. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn rì sínú ìkòkò aró, tí gbogbo nǹkan tutù, tí ó sì dúdú bí aró. Mo rí ìlà àwọn tó ń kírun bí òwú funfun tí wọ́n ta sórí òfì, ìlà lẹ́yìn ìlà, Ọlọ́hun ni ahunṣọ, èmi nìkan ni mo já kúrò lára aṣọ. Ọkàn mi sì balẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn yín láti òkèèrè.

Ẹnìkan ní, “Wọ́n ti kú! Inú ìrun! Nínú Ràmàdáànì!”

Ẹlòmíràn ní, “Ikú ire! Ẹ wo bí Ọlọ́hun ṣe fẹ́ràn wọn tó!”

Mo wá gbọ́ ohùn Baba Ládánì: “Ẹ gbẹ́nu yín dákẹ́ jọ̀ọ́. Òkú wo ló ń mí bí ewúrẹ́ báyìí?”

Ohùn Ràbíátù já wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin: “Oògùn ni! Ẹ má gbé wọn jókòó! Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà nílẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ wọn sókè!” Wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi sókè. Ìmọ́lẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo la ojú, Baba Ládánì ń wò mí lókè. Ó ní, “Baba Tíṣà, ẹ ti gba àdúrà òkú lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ dìde, kí a má bàa gbà á padà.”

Dókítà bá mi wí gidi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní ọjọ́ tí mo bá tún ṣe é bẹ́ẹ̀, ọgbẹ́ orí ni wọn yóò gbé mi wá fún. Ó ní kí n pín hóró náà sí méjì, kí n kí àṣàmù tán, kí n délé, kí n dùbúlẹ̀, kí n tó gbé e mì. Bí mo bá sì fẹ́ dìde, kí n kọ́kọ́ jókòó ná. Ó ní nígbà tí ara bá ti mọ̀ ọ́n, a ó máa fi kún un.

Alhamdulillahi! Ẹ máa bá mi wí i. Méje di mẹ́fà. Mẹ́fà di márùn-ún. Ní àárín ààwẹ̀, ó di mẹ́ta. Ìtọ̀ tó ń kán bí òrùlé tó ń jò bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Imú mi kò dí. Àlùwàlá mi dúró láti ìdájí dé ọ̀sán. Òwú funfun ń gùn, kókó rẹ̀ ń dín kù, àyè tó wà láàárín wọn ń mọ́ bí ojú ọ̀nà tí wọ́n gbá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, ohùn kan ń pè mí. Mo rò pé àlá ni. Mo fetí sílẹ̀, Baba Ládánì ló ń pe ìrun àárọ̀. Ohùn yìí kan náà tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ló jí mi lójú oorun! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dìde ní gbogbo òru. Mo yíjú. Ràbíátù ń sùn. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, òwú funfun ti yọ́ bọ́ kúrò níbẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti rí ojú rẹ̀ lójú oorun kẹ́yìn, nítorí pé bí mo bá ti mira ni ó máa ń jí. Mo jókòó, n kò mira. Ìmọ́lẹ̀ àfẹ̀mọ́jú ń wọlé sí i lójú díẹ̀díẹ̀. Mo jẹ́ kí ó sùn títí àkókò ìrun fi fẹ́ẹ́ kọjá, kí n tó fọwọ́ kàn án fún ìrun. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni ọjọ́ tó dára jù láyé mi, kì í ṣe ọjọ́ tí mo di ọ̀gá ilé ìwé. Àárọ̀ yẹn ni.

Nígbà tí a padà sí Ṣakí, dókítà tẹ́ òwú aró àti òwú funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó wò wọ́n pẹ́. Ó tẹ ikùn mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mo ní aláìsàn kan tó jẹ́ pé kápúsù ló bá a mu, hóró yìí kò ṣe nǹkan kan fún un. Fún yín, funfun ni. A kò ní mú abẹ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ ó máa wá kí n máa yẹ̀ yín wò, nítorí nǹkan náà ṣì wà níbẹ̀.” Ó wá ní, “Bàbá, ìwé yín ńkọ́?” Mo ní mo ti dáná sun ún. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Lèmọ́mù rìnrìn àjò lọ sí Ìgbòho. Ó fi mí sí ipò rẹ̀ kí ó tó lọ. Mo ṣíwájú yín. Mo tẹ̀, mo forí kanlẹ̀, mo dìde, kò sí ohun tó kán. Ẹ kò mọ̀ pé mò ń sunkún níbẹ̀, nítorí ẹ̀yìn mi ni ẹ rí.

Ẹ̀jẹ́ wá kù. Gbogbo ọjọ́ àsàlátù, bí Ràbíátù bá ti ń dì gèlè, yóò bi mí pé, “Baba Sàlìmọ́, ṣé òní ni?” N óò ní, “Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” Ojú ìwé irọ́ yẹn ń tì mí. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, “Ọlọ́hun ò kánjú, ẹ̀yin náà ẹ má sì pẹ́ jù.” Ọyẹ́ kan kọjá, òmíràn kọjá. Ní ọyẹ́ kẹta, ibà mú un. Ọjọ́ mẹ́ta ni. Ní ọjọ́ kẹta ó ní òun fẹ́ sinmi díẹ̀. Ó sinmi. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni a ti wá, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ ni a ó padà sí.

Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ, Sàlìmọ́tù ọmọ wa ń tú apẹ̀rẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó gbé òwú mẹ́ta wá bá mi. Mo mọ méjì. Ẹ̀kẹta funfun, ó gùn ju àwọn yòókù lọ, kò sì sí kókó kan lára rẹ̀. Mo ní ó dà bí èyí tí wọn kò tíì lò. Ọmọ náà mi orí. Ó ní, “Bàbá, wọ́n lò ó. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní, ‘Ti ìgbà tí bàbá rẹ ń sùn nìyí. Mò ń mú un dání lóròòru bóyá n óò rí nǹkan so. Oorun ló máa ń gbé mi lọ.’”

Ẹ̀yin ará mi, mo ṣì ń dìde lẹ́ẹ̀kan lóru. Kì í ṣe ìtọ̀. N óò jí, yàrá yóò dákẹ́, n óò na ọwọ́ sí òwú náà lábẹ́ ìrọ̀rí. N kì í so kókó sí i. N óò tọrọ àforíjìn fún un lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, oorun yóò sì tún gbé mi. Ọpẹ́ ni fún Ọba tó mú wàhálà kúrò tó fi ìrántí síbẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Un nítorí dókítà, ọpẹ́ nítorí hóró funfun, ọpẹ́ nítorí obìnrin tí kò mọ̀wé tí kò sì kọ irọ́.

Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń wo ilẹ̀, ẹ gbé ojú sókè. Mo rí bí ẹ ṣe ń lọ sídìí kẹ́tù. Ẹ má dẹ́kun omi mímu. Ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má gba hóró tèmi lọ́wọ́ mi, nítorí ohun tó bá mi mu lè má bá yín mu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò kí wọ́n fún yín ní tiyín. Bí abẹ ló bá sì kù, Ọlọ́hun tó wà níbi hóró wà níbi abẹ pẹ̀lú. Ẹ ṣáà sọ òótọ́. Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ bi ìyàwó yín bí ó ṣe ń sùn. Ọlọ́hun tó ṣe tèmi yóò ṣe tiyín. Ẹ wí pé àmín.

Mo ti kà á tán. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti ìwé.

Ìyá Sàlìmọ́, òní ni.